Severino Fẹ́ Ọ̀nà Pẹrẹsẹ

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù Severino, onígbàjámọ̀ ìlú wa Monterovere, ẹ ó rí ìwọ̀n ìdáná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ ìfárí. Nọ́ọ̀tì ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń fi í wọ̀n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti dá ihò lu ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó ti gé díẹ̀ kúrò lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ó sì fi pọ́ńpù sílé nítorí pé ó wúwo. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbé e sórí ìwọ̀n. Ornella ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Severino, ṣé o ti gbé ikùn ẹ náà sórí ẹ̀?”

“Ikùn kì í ṣe ara kẹ̀kẹ́.”

“Hẹn-ẹn. Kẹ̀kẹ́ ló ṣáà ń gbé e.”

Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń bá a fínra. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ kan náà la wà. Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í dìbò yan ọ̀gá. Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn kí ìkórè àjàrà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan pátákó orúkọ ìlú wa lórí òkè ni à ń wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn fún, òun ni yóò sì máa yan ọ̀nà tí a ó gbà fún odidi ọdún kan. Gaudenzio, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àjàrà, ti wọ ẹ̀wù náà fún ọdún mẹ́rin. Òkè ni ṣáá. Kò sẹ́ni tó ráhùn, nítorí láàárín àwa ọkùnrin Langhe, agbègbè olókè wa yìí, ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà pẹrẹsẹ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti darúgbó.

Orúnkún òsì Severino ti bàjẹ́. Dókítà ní bó bá tún gun òkè fún ọdún kan sí i, kó gbàgbé kẹ̀kẹ́. Bó bá borí, yóò máa kó wa lọ sí etí odò Tanaro, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Bí kò bá borí, yóò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọkùnrin tí kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn láyé. Èmi nìkan ló sọ fún, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Ọjọ́ náà pé. Àwa mẹ́sàn-án la jáde láàárọ̀. Àjàrà ti dúdú kirikiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A gun òkè, a sọ̀, a tún gun òmíràn. Ẹ̀yìn ni Severino ń bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ihò ìjókòó rẹ̀ sì ń súfèé.

Lọ́sàn-án, a yà sí àgbàlá Màmá Delfina bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Wáìnì wà níbẹ̀, àti tajarin, ìyẹ̀fun tó fi ẹyin pò tó sì gé ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Kò sẹ́ni tó kọ oúnjẹ yìí rí.

“Severino, jókòó jẹun.”

“Ẹ má bínú, Màmá. Inú ń run mí.”

“Inú ń run ẹ? Níwájú tajarin mi? Kí ni mo ṣe fún ẹ?”

Gaudenzio na abọ́ rẹ̀. “Màmá, ẹ bu tiẹ̀ sí tèmi. Ẹni tó máa gbẹ̀yìn, kí ló fẹ́ fi agbára ṣe?”

Ó jẹ abọ́ méjì, ó mu ife mẹ́ta.

Lórí òkè tó kẹ́yìn, abọ́ méjì yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bá Gaudenzio jà. Ní kọ́nà kejì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá àjàrà oko kan ti pọ́n. Severino kọjá rẹ̀, ó kọjá gbogbo wa. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ró kọ́ kọ́. Ó gbá pátákó náà, ó sì fara tì í. Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Inú mi dùn gan-an.

Ní gbàgede ìlú, Gaudenzio wọ ẹ̀wù náà fún un. Ó há mọ́ ọn níkùn.

“Ó yá, ọ̀gá wa. Níbo là ń lọ ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀? Àbí etí odò lẹ máa kó wa lọ, ká lọ bá àwọn ìyá arúgbó?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò tẹjú mọ́ ẹnu Severino. Mo wo ọwọ́ Gaudenzio: orúnkún ara rẹ̀ ló fi ń ra. Òórùn ìpara orúnkún ń jáde lára àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo ṣẹ́jú sí Severino pé kó sọ ọ́.

Severino wo ẹ̀wù tó wà láyà rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè.

“Etí odò kẹ̀? Òkè mẹ́ta ni. Mẹ́rin, tí òjò ò bá rọ̀.”

A pàtẹ́wọ́. Gaudenzio ló bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì pa tèmi. Nígbà tí a túká, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ń ti kẹ̀kẹ́ wa lọ sílé, kò sẹ́ni tó gùn ún.