Gálílì Tí Wọ́n Ṣe ní Agbowó

Bí ẹ bá gbé Agbowó láàárín ọdún 1985 sí 1995, tí ẹ sì ní iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ìyá Ọmọ́fẹ́ ló bá yín tẹ̀ ẹ́. Fẹ́yìsetán Dáramọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjerò-Èkìtì. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ló máa ń jókòó sí, òun àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Àwọn ọmọ Yunifásítì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í ṣàṣìṣe. Ohun tó bá tẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn.

Ìdí rèé tí àṣìṣe ọdún 1991 fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ Gálílì. Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, ìjọ á jáde síta gbangba, wọ́n á kọrin, wọ́n á jẹun, nítorí pé Jésù ní kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn òun lọ sí Gálílì, níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí òun. Ìjọ Ayọ̀ Òwúrọ̀, ìjọ Ìyá Ọmọ́fẹ́, máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sétí odò kan lọ́nà Ifẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á jẹ ìrẹsì wọn tán níbẹ̀, wọ́n á padà wálé. Lọ́dún yẹn, Ìyá Ọmọ́fẹ́ dìde nípàdé, ó ní kí wọ́n ṣe Gálílì ní pápá ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní Agbowó níbí, kí wọ́n sì pe gbogbo àdúgbò wá jẹun.

"Àdúgbò wo?" Bàbá Ìjọ Gbádégẹṣin bi í. Àgbà ìjọ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. "Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé wọ́n fẹ́ bá wa dé Gálílì ni?"

"Wọ́n bá mi dé itẹ́ òkú ní Ìjerò, sà."

Ọkọ rẹ̀, Akínbíyì, ti kú nígbà òjò tó kọjá. Ìjọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀, wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há, ó sì kú náà. Alhaja Mùtíátù, ará Ìgbòho tó ń ta kẹrosíìnì ní ojúlé kẹta, òun ló ń kan ilẹ̀kùn kiri ní ìdájí títí ó fi rí ẹni tó fi mọ́tò gbé aláìsàn náà lọ sí ọsibítù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ogójì ọjọ́ gbáko ló fi ń gbé ògì gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín wá fún opó láràárọ̀, á sì jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán.

Pásítọ̀ Olúwadáre fara mọ́ ọn. Bàbá Ìjọ náà gbà, àmọ́ ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Bí wọn ò bá wá, bọ́ọ̀sì la ó wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ohun tí Ìyá Ọmọ́fẹ́ ò sọ létí ẹnikẹ́ni ni pé òun àti Ọlọ́run ti ṣe ìpàdé tiwọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Akínbíyì, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba ọ̀fun rẹ̀ jáde mọ́. Bí Pásítọ̀ bá kígbe pé, "Jésù jíǹde!" tí ìjọ sì dáhùn pé, "Ó jíǹde lóòótọ́!" ètè rẹ̀ lásán ló ń mì. Kì í ṣe ẹni tó ń purọ́. Ó wá sọ fún Ọlọ́run pé, "Mi ò béèrè iṣẹ́ ìyanu. Ṣáà jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Bí mo bá rí wọn, n ó mọ̀ pé O wà níbẹ̀."

Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ní kí Tàjúdéènì, alápatà ọjà Ṣàngó, wá bá wọn pa ewúrẹ́ méjèèjì, kó dárúkọ Ọlọ́run sí i bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà fà sẹ́yìn. Ó ya ẹní sọ́tọ̀ fún àwọn ìyá àgbà. Ó tẹ ìwé ìpè: Oúnjẹ wà fún gbogbo ará àdúgbò, agogo méjìlá ọ̀sán. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ti Alhaja lọ. Alhaja kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A ó wá, lágbára Ọlọ́run."

Agogo méjìlá lù lọ́jọ́ Ajé. Ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta ń rú èéfín, àwọn akọrin ń kọrin. Ọmọ ìjọ wà ńbẹ̀, àwọn ọmọ Yunifásítì tí wọn kì í kọ oúnjẹ wà ńbẹ̀. Ẹní àwọn ìyá àgbà ṣófo. Agogo kan kọjá, ó ṣì ṣófo.

Bàbá Ìjọ rọra rìn wá. "Ìyá Ọmọ́fẹ́, Gálílì yín yìí mà gbẹ o. Ṣé àwọn apẹja ò tíì ti orí omi dé ni?"

"Wọ́n ń bọ̀, sà." Ó kọjú sí ìkòkò kí bàbá náà má baà rí ojú rẹ̀.

Tàjúdéènì ló dé, ó wá mú ọ̀bẹ tó gbàgbé. Inú Ìyá Ọmọ́fẹ́ dùn, ó bu ìrẹsì kún abọ́. "Jókòó, Tàjúdéènì, jẹun kó o tó lọ."

Tàjúdéènì fò sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Màmá! Ẹ fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́ ni? Oòrùn ṣì wà lókè gbagidi! Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ lẹ fẹ́ bọ́ àwọn èèyàn ni."

Ìyá Ọmọ́fẹ́ gbé abọ́ náà sílẹ̀.

Kì í ṣe pé kò mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí ń gba ààwẹ̀. Lóròòru ló ń gbọ́ tí wọ́n ń jí àwọn èèyàn sí sààrì. Ó ń rí Alhaja pẹ̀lú tẹ̀súbà lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ìjọ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tiwọn ni, wọ́n fi ayọ̀ ṣínu lánàá, bí ebi tiwọn sì ti tán, wọ́n ṣe bí ẹni pé ebi ti tán láyé. Ìyá Ọmọ́fẹ́ ro ti ẹni tó máa pa ẹran, ó gbàgbé ẹnu tó máa jẹ ẹ́.

Ó dé ìkòkò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tọ Pásítọ̀ lọ. "Sà, ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n di ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ gbà mí o!" Bàbá Ìjọ pàtẹ́wọ́. "Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu, a tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti Mùsùlùmí!"

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Kí àwọn ọmọdé jẹun. Àgbà tó bá lè dúró, kó dúró."

Ìyá Ọmọ́fẹ́ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Alhaja. "Ẹ dárí jì mí, Alhaja. Mo pè yín wá jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. "Mo ní bóyá ẹ fẹ́ dán mi wò ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé! Gbogbo Agbowó ló mọ̀ pé ẹ kì í ṣàṣìṣe. Ẹ dìde, jàre. A ó wá ṣínu lọ́dọ̀ yín."

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n dé, pẹ̀lú ẹní àti kẹ́tùrù omi, bàbá, ìyá, ọmọ. Akọrin dákẹ́. Wọ́n gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́sálásí, wọ́n mu omi, wọ́n kírun ní ìpẹ̀kun pápá, wọ́n wá jókòó. Ẹni tó kọ́kọ́ na abọ́ ni Bàbá Ìjọ.

"Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀, sà?" Ìyá Ọmọ́fẹ́ bi í.

"Báwo ni mo ṣe máa dá jẹun? Ẹ fi ẹran sí i."

Alhaja fi dàbínù kan sí Ìyá Ọmọ́fẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin náà, ẹ ṣínu. Mo mọ̀ yín, ẹ ò tíì fi nǹkan kan ẹnu."

Pásítọ̀ mú gbohùngbohùn. "Jésù jíǹde!"

Ìyá Ọmọ́fẹ́ wo pápá náà yí ká. Kò rí ẹnikẹ́ni tó ní àpá ìṣó lọ́wọ́. Alhaja ló rí, tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìrẹsì gbígbóná fún ìyá àgbà kan. Ó mọ̀ pé èèyàn lè jiyàn rẹ̀. Akínbíyì ṣì wà nínú ilẹ̀ ní Ìjerò. Àmọ́ òun ló béèrè, wọ́n sì wá.

"Ó jíǹde lóòótọ́," ni ó sọ. Kò pariwo. Kóró dàbínù ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ààwẹ̀ Mùsùlùmí ti parí kí Àjíǹde tó dé. Síbẹ̀, agogo méje ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Ọmọ́fẹ́ tẹ̀ sínú ìwé ìpè, bẹ́ẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kúrò ní Agbowó. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bọ́ọ̀sì mọ́.