Wọn Kò Ré Mi Kọjá Lórí Àtẹ̀gùn

Owú tí mo jẹ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, n kò jẹ irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ orí mi ti kúrò ní ti ẹni tí ń jowú. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni mo fi jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ààbò ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ní Ring Road. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún gan-an ni àyẹ̀wò ìwé Yorùbá, kí àmì ohùn lè jókòó síbi tó yẹ, kí òwe má sì ṣẹ́ lápá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti iná, bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe jáde wọ́ọ́rọ́wọ́ láìtẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èmi ni wọ́n ń wojú. Èmi ni mo máa ń ṣíwájú, àwọn ará àjà kẹta a sì tò tẹ̀lé mi sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ràn ìrìn yẹn. Bí mo bá ń gbọ́ ìró bàtà wọn lẹ́yìn mi, ara mi a yá gágá bíi ti ọba tó ń re ọjà.

Nígbà tí ìròyìn àwọn agbébọn kò jẹ́ kí ọ̀gá àgbà wa sùn dáadáa mọ́, ó ní ẹ̀kọ́ iná nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tí a ó ṣe bí oníbọn bá ya wọ ibi iṣẹ́. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Àfi bí mo ṣe dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí mo bá ọmọbìnrin kan lórí àga mi níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Èkìtì tó ń gbé Bódìjà ni, ó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń gbà á láti kọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Bó ti rí mi ló dìde, ó kúnlẹ̀, ó sì fi àga sílẹ̀ fún mi. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Àléébù ni mò ń wá, n kò rí i.

Mo jókòó sí ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Bí ìbọn bá dún, kí a sá. Bí kò bá sí ọ̀nà àtisá, kí a sápamọ́, kí a ti ilẹ̀kùn, kí a pa ohùn fóònù. Bí oníbọn bá wá ká wa mọ́ igun ńkọ́? Kí a pawọ́ pọ̀ bá a jà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nítòsí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró kó ẹrù. Mo wò yíká, gbogbo wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹnu sí etí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya àwòrán inú ìwé fún wa.

“Ò ń kọ ọ́ sílẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.”

“Tèmi ńkọ́? Ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀ rí?”

Ó wo ilẹ̀. “Tiyín ti wà lórí, Bàbá.”

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn wa. Mo bá dìde. Mo ní, “Ọmọ mi, nílẹ̀ wa níbí, àgbàlagbà kì í sáré lásán.”

“Òótọ́ ni, Bàbá,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Bí kò bá lé nǹkan, a jẹ́ pé nǹkan ń lé e. Èyí tí a ń sọ yìí, ó ń lé wa ni.”

Gbọ̀ngàn hó. N kò gbà. “Ṣé ojo lo wá fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ dà?”

“Rárá o, Bàbá. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ.”

Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́. Òwe tí mo ti fi ọwọ́ ara mi tò sínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé ni ọmọ àná fi ń nà mí ní gbangba! Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Lọ́jọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àyà mi, egungun nìkan ni ìbá bá níbẹ̀.

Kí ìpàdé tó túká, ọ̀gá àgbà sọ gbólóhùn kan tí kò jẹ́ kí n lè jẹun ọ̀sán. Ó ní a ó dán ẹ̀kọ́ náà wò lẹ́ẹ̀mejì, ní Ọjọ́rú àti ní ọjọ́ Ẹtì, pé ẹni tó bá kó àwọn ará àjà kẹta yọ láyọ̀ ni yóò jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ààbò láti ìsinsìnyí lọ. “Kò sí oyè ìdílé níbẹ̀,” ó ní. Ojú mi ló ń wò.

Ní Ọjọ́rú, màígádì ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n fi ṣe oníbọn. Ìbọn ìṣeré ọmọdé tó ń tu omi ni wọ́n fún un, wọ́n po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ sínú omi náà. Ẹni tí omi bá kàn ti kú. Fèrè dún, mo gbéra, mo tún agbádá mi ṣe, mo sì ṣíwájú. Mò ń sọ̀kalẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí orúnkún mi ọ̀tún kì í fẹ́ ìkánjú. Àwọn mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn mi. Ààyè wà ní ẹ̀gbẹ́ mi tí ènìyàn méjì lè gbà kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbà á. Mo gbọ́ ìró bàtà wọn. Inú mi dùn.

Ibi tí àtẹ̀gùn ti yípo ni màígádì ti pàdé wa. Ó gbé ìbọn sókè, ó rí mi, ó sì rẹ ìbọn náà sílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà,” ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, Bàbá.”

Mo kọjá. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló wá kọjú ìbọn sí, ó sì tú omi sí wọn lára látorí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni ìkẹyìn. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, funfun nini ni agbádá mi, mo sì fẹ́ fi yangàn. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ló dé tí wọn kò sá.

“Bàbá ló wà níwájú, Àǹtí.”

“Ààyè wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn.”

“Kí n ré Bàbá kọjá?” Ẹnu ya obìnrin tó ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà. “Ìyá mi á gbọ́ ọ lọ́run!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú obìnrin náà, búlúù sì ti tàn yí ikùn rẹ̀ ká lórí ẹ̀wù rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kàn wo agbádá mi tó mọ́, ó wo ẹ̀wù yẹn, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbá bú mi ni, mo mọ èsì tí n óò fọ̀. Nínú táksí tó ń gbé mi lọ sí Challenge nírọ̀lẹ́, ikùn yẹn ni mò ń rí. Síbẹ̀ n kò fẹ́ kí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ mi.

Ní ọjọ́ Ẹtì, fèrè tún dún. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì dúró, wọ́n ń wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ọ̀gá àgbà wà nísàlẹ̀, tó ń wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ yọ. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ báyìí, mo ti ṣíwájú nìyẹn. Ojú mi bọ́ sára ikùn aláboyún náà. Mo fi ẹ̀yìn ti ògiri.

“Ẹ máa lọ!”

“Ẹ ṣíwájú, Bàbá,” ni ayàwòrán wí. “Ẹ̀yin ni àgbà.”

“Bí èmi bá ni àgbà, ẹ gbọ́ tèmi. Mo yọ̀ǹda yín. Ẹ ré mi kọjá, ẹ sáré!”

“Kò ní í di àrífín, Bàbá?”

“Àrífín ni bí o bá tún bi mí léèrè! Gba iwájú, kí o kó wọn lọ!”

Ó bẹ́ síwájú. Ni wọ́n bá ń ya kọjá lára mi bí omi odò. “Ẹ má bínú, Bàbá.” “Ẹ forí jì mí, Bàbá.” Aláboyún náà sáré kúnlẹ̀ díẹ̀, mo jágbe mọ́ ọn kó tó lọ. Orúnkún mi kò lè bá wọn dé ìsàlẹ̀ lásìkò, mo bá wọ yàrá tí a ń kó ìwé pamọ́ sí, mo ti ilẹ̀kùn, mo pa ohùn fóònù mi. Mo gbọ́ màígádì tó ń gun òkè bọ̀, tó ń ṣí ilẹ̀kùn kiri. Ó ti tèmi wò, kò ṣí, ó kọjá.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n pa á pẹ́. Láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, wọn kò pa irú rẹ̀ fún mi rí, gbogbo rẹ̀ sì ń dún mọ́ mi bí ìgbátí.

Ọmọbìnrin náà ló wá kan ilẹ̀kùn. “Bàbá, ó ku ẹ̀yin nìkan. Wọ́n ń ka orúkọ lọ́wọ́.”

Ní gbàgede, ìwé orúkọ tó máa ń wà lọ́wọ́ mi ti wà lọ́wọ́ ayàwòrán, ọ̀gá àgbà sì gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rí mi, ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe ibì kan fún mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dúró ní ìparí ìlà. Ẹ̀yin lẹ dé kẹ́yìn.”

Mo lọ dúró lẹ́yìn aláboyún náà. Ẹ̀wù mìíràn ló wọ̀, kò sì sí búlúù lára rẹ̀. Wọ́n pe mọ́kànlá, wọ́n wá pe èmi.

“Mo wà,” ni mo wí. Owú náà ṣì wà nínú mi, ó gbóná bí ẹyin iná, ṣùgbọ́n a pé.