Ọ̀gá Tó Mọ Ọ̀nà Fáìlì

"Kò sọnù. Ọ̀nà ibẹ̀ lo ò mọ̀."

Ohun tí ọ̀gá mi máa ń sọ nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti pariwo ní ọ́fíìsì wa pé fáìlì òun pòórá. Àwọn kọ̀ǹpútà wa ti gbó, ìyà ni kéèyàn wá nǹkan nínú wọn. Ọ̀gá á wá fi ètò kékeré kan sínú kọ̀ǹpútà ẹni náà, èyí tó ń to gbogbo fódà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ̀ka igi. Tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á fi ìka kan tábìlì, wọ́n á kọ́kọ́ fi Hausa yọ̀: "Yauwa! Ó yá, wá a báyìí."

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé wọn ní Nyanya, Bọ́lá ọmọ wọn ti lẹ bébà tó kọ orúkọ sí mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: ilé ìdáná, yàrá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Síbẹ̀, ṣe ni bàbá ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yọjú, wọ́n á tún tì í.

"Kí lẹ ń wá, sà?"

"Màmá Bọ́lá. Kò sọnù o. Ọ̀nà ibẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó wọn. Mo di ọwọ́ wọn mú, a sì jọ ṣí ilẹ̀kùn tó kù.