Ọmọ Ewúrẹ́ Tó Fa Ìka Mi Mu

Ìyá tó ni ewúrẹ́ náà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí. Ibi tó ti dùn jù, ilẹ̀ ni mo wà, mo ti dákú.

Mo ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn l'Ádó nígbà náà. Mo mọ̀wé débi pé n kì í kí èèyàn láàárọ̀ láìdárúkọ àìsàn adìẹ kan fún un. Ohun kan ṣoṣo ló kù kí n tó gba ìwé-ẹ̀rí: kí n gbẹ̀bí ẹran kan, kí ẹni tó ni ín sì fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo ṣe é. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti ṣe tiwọn. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún mi; bó bá kọjá, mo di ẹni tó ń tún ọdún náà kọ́.

Olùkọ́ wa ní kí n lọ bá ìyá kan l'Òkè-Ìlá, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń sin ewúrẹ́ sẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo dé, ọ̀kan ti ń rọbí, ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló yọ. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ní kí ìyá sún sẹ́yìn, iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni.

"Dókítà, ẹsẹ̀ kejì ló ká sẹ́yìn o."

"Mo mọ̀, mà. Ó wà nínú ìwé."

"Ṣé ewúrẹ́ yìí ti ka ìwé ọ̀hún?"

Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ń ka ìlànà rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka sáàmù: ti orí padà, wá orúnkún, fa ẹsẹ̀ síwájú. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Orúnkún ni mo ń wá tí nǹkan gbígbóná kan fi gbá ìka mi mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ọmọ tí kò tíì dáyé ń mu ọmú lára mi! Ohun tí mo mọ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, ìyá ń fi àkísà nu ọmọ ewúrẹ́. Òróró lásán ló fi pa ọwọ́ tó fi parí iṣẹ́ náà.

"O kú ewu ọmọ o, Dókítà," ló wí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé àti bíró sí i. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ẹsẹ̀ kan ti jáde kí n tó ṣubú."

"Ẹsẹ̀ yẹn ti jáde kí o tó dé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi máàkì ìwé, mi ò fún ẹni tó sùn nínú ìdánwò ní máàkì rí."

Ó gba bíró, ó kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ewúrẹ́ kejì tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. "Tọ̀hún náà ti fẹ́ bí. Lọ s'úlé, jẹun, kí o padà wá lọ́la."

Mo fi ìbínú lọ. Síbẹ̀ mo padà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé àpótí jókòó ti ewúrẹ́, tí àwọn ará àdúgbò ń bi mí bóyá èmi ni bàbá ọmọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọ yọ imú, èyí náà fa ìka mi mu. Ìyá di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú, ṣùgbọ́n mi ò ṣubú títí mo fi gbẹ̀bí rẹ̀ tán. Ó fọwọ́ sí i, ó fa ilà sábẹ́ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ti pẹ́. Ẹran tí mo ti gbẹ̀bí láti Adó dé Ìyìn, mi ò lè kà á tán. Lónìí, àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́, tí wọn ò tíì lè gbẹ̀bí ẹran mi fúnra wọn, ló ń na ìwé àti bíró sí mi. Wọ́n á kúnlẹ̀, àánú wọn á ṣe mí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ò ní lè padà wá bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún ọdún náà kọ́. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá fọwọ́ sí i?