Èèpo Wúrà fún Eyín Kùdírátù

Bí ẹnì kan bá wà tí Àmúsà, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Muṣin, kò lè sọ pé "rárá" fún, Kùdírátù ni, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún 1956, Kùdírátù ti Mẹ́kà dé láìní eyín wúrà. Àìsàn ni kò jẹ́ kó ráyè eyín lọ́hùn-ún. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn l'Ọ̀yìngbò, níbi tó ti ń ta aṣọ? Àlàájà tí kò ní eyín wúrà, lójú tiwọn, bóyá ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó níbí ló dé tó fi yà padà.

"Fi wúrà bo eyín iwájú mi kan," ló wí fún Àmúsà. "Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣàdúà fún mi ní mọ́sáláṣí."

"Ìyá, mi ò fọwọ́ kan eyín rí o."

"Ìwọ tí ò ń ṣe yẹtí tín-ín-rín? Eyín kan ṣoṣo ni yóò wá dà ọ́ láàmú?"

Àmúsà fojú wọn eyín náà, ó rọ èèpo wúrà tó rò pé yóò bá a mu. Nígbà tó dán an wò, kò wọlé. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà kì í fi wúrà ṣòfò. Eruku rẹ̀ pàápàá, gbígbá ni wọ́n ń gbá a jọ. Ọdún mẹ́fà ni ọ̀gá fi kọ́ ọ níyẹn, ó sì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Dípò kó tún wúrà rọ, eyín ló gbé ayùn lé. Ó rẹ́ ẹ lọ́tùn-ún, ó rẹ́ ẹ lósì. Omi ń bọ́ lójú Kùdírátù, síbẹ̀ ó ń ní, "Máa bá a lọ, ọmọ mi." Kí wúrà tó wọlé, eyín ti rí ṣóńṣó bí igi ìtayín.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo mọ́sáláṣí ló rí ẹ̀rín Àlàájà. Inú rẹ̀ dùn dé gongo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti fomi ṣan ẹnu níbi àlùwàlá tó tu ú sílẹ̀, wúrà bá omi bọ́ sílẹ̀. Ó he é, ó sì dá a padà fún Àmúsà. Láti ìgbà náà, omi tútù kò ṣeé mu fún un mọ́. Ńṣe ló ń ké.

Àmúsà mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín, ìyẹn sì yẹ ẹnu rẹ̀ wò. "Ta ló ṣe èyí?"

Kùdírátù yíjú sí ògiri.

"Èmi ni, sà," ni Àmúsà wí.

"Eyín la kọ́kọ́ ń gé níwọ̀nba. A óò wọn èyí tó kù, ká tó ṣe wúrà tí yóò bá a mu. Ìwọ ṣe wúrà tán, o wá ń gé eyín tẹ̀ lé e. Kò sí ohun tí wúrà lè dì mú mọ́. Yíyọ ló kù."

"Ṣé kò sí bá a ṣe lè tún un ṣe, sà?"

"Kò sí."

Bí yẹtí bá ṣẹ́, Àmúsà mọ bí wọ́n ṣe ń jó o pọ̀. Bí òrùka bá fún, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀ ẹ́. Ti eyín yìí kọjá agbára rẹ̀, ó sì dùn ún wọra.

"Má sunkún," ni Kùdírátù wí nígbà tí wọ́n yọ eyín náà tán, tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni mo ní kí o máa bá a lọ."

Nígbà tí Àmúsà dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé èèpo wúrà náà sórí ìwọ̀n. Kò dín rárá.