Àwọn Tó Rí Dókítà Kí Wọ́n Tó Dé

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kọ́ kọ̀ǹpútà kẹ́yìn nínú ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Òun nìkan ni wọn kò tíì fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà òun ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe máa ń já lé lọ́wọ́.

"Wàá ya àwòrán kan fún mi," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Bí àwọn aláìsàn ṣe ń dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó rí dókítà. Kó rí bí òkè kan, kó dán. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá dáa, màá fọwọ́ sí ìwé ẹ."

Ìwé yẹn ni ìyá rẹ̀ ń béèrè láràárọ̀, bí ẹni ń béèrè ọmọ-ọmọ.

Ó ṣí ètò ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ àṣẹ bó ṣe wà nínú ìwé ìtọ́ni. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ó pa á, ó tún un ṣí; funfun náà ni. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì kọ "ó pẹ́" síbi tó yẹ kí iye ìṣẹ́jú wà, ẹ̀rọ kò sì mọ ìṣẹ́jú mélòó ló ń jẹ́ "ó pẹ́". Ó yọ gbogbo wọn. Àwòrán wá jáde, ṣùgbọ́n wúruwùru bí ilé aláǹtakùn: ẹ̀rọ ti fa ìlà láti ara aláìsàn kan dé ara èkejì. Ó wá àṣẹ mìíràn. Nígbà yìí, ìlà kan ṣoṣo ni, tó ga níbi tí èèyàn pọ̀ sí, tó rẹlẹ̀ níbi tí wọn kò pọ̀.

Ó ga lẹ́ẹ̀mejì. Òkè kékeré wà ní ìṣẹ́jú márùn-ún, òkè ńlá wà ní wákàtí mẹ́ta.

"Ṣé ràkúnmí ni mo ní kó o yà?" ni ọ̀gá bi í.

"Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn, sà."

"Òkè kan ni mo sọ. Tún un ṣe."

Nọ́ńbà kan wà nínú ètò náà tó ń pinnu bí ìlà ṣe máa dán tó. Ó fi kún un. Òkè méjèèjì sún mọ́ra. Ó tún fi kún un, wọ́n di ọ̀kan, ó dán bí orí ọ̀gá. Àmọ́ bí òkè náà ṣe fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà sẹ́yìn kọjá òdo.

"Sà, ó ń sọ pé àwọn kan rí dókítà kí wọ́n tó dé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwa la mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n tan òkè náà láti inú kọ̀ǹpútà Àǹtí sára ògiri. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin àgbà kan, wọ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn wo ló rí dókítà kí wọ́n tó dé?"

Ọ̀gá yára dáhùn. "Àwọn èèyàn wa ni, mà. Àwọn tó kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù." Ọ̀rọ̀ ti bọ́. "Àbí... ọmọ yìí ló yà á, mà. Kò tíì mọ̀ ọ́n."

Àǹtí rò ó. Bó bá dákẹ́, àṣìṣe di tirẹ̀, ìwé sì lọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ìwé lọ náà. Ó dín nọ́ńbà yẹn kù. Òkè méjì dìde lára ògiri.

"Kékeré yìí ńkọ́?" ni alága bi í.

"Àwọn tó mọ èèyàn níbí ni, mà. Àwọn tí kò mọ ẹnì kankan ló wà nínú ńlá."

Alága, tí dókítà ti yẹ̀ wò láàárọ̀ yẹn kó tó ráyè jókòó, bu omi mu.

"Ọmọ yìí lóye," ló wí. "Ẹ fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ lónìí."

Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé náà lójú ẹsẹ̀. Ìyá Àǹtí jó yí pálọ̀ ká; kò kà á dé ibi tí wọ́n kọ "ilé ìfọṣọ" sí.

Lọ́jọ́ Ajé, olórí àwọn afọṣọ ka ìwé náà, ó wo ọmọbìnrin náà látòkè délẹ̀.

"Kí lo ṣe?"

"Mo ya òkè méjì, mà."

"Ìyẹn nìkan? Èmi, oògùn tó kù nínú ilé ìpamọ́ ni mo kà, kò sì bá iye tí ọ̀gá kọ sínú ìwé mu." Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan yọ nínú omi. "Di etí ibẹ̀ yẹn mú, ká jọ fún un."