Bàbá Àgò àti Mẹ́mọ́rì Tó Tìlẹ̀kùn

Bí obìnrin aránṣọ kan bá ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ olóògbé, orí ọ̀gá ilé ìwé kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá yìí jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bàbá láti àárọ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìgbà tó parí, tó ní kí ẹ̀rọ kó o sórí mẹ́mọ́rì, káàdì kékeré tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí, ni ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní wọ́n ti mẹ́mọ́rì náà pa, kíkà nìkan ló gbà, kò gba kíkọ. Kó tó ṣẹ́jú, iná lọ, ọ̀rọ̀ bá iná lọ.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ burúkú! Ó fi àlejò jókòó láti àárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó sọ pé onílé ò gbàlejò!"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ lèyí o," ni ọ̀gá wí.

"Ṣé ẹ kágò kẹ́ ẹ tó wọlé ni?"

Síbẹ̀, bàbá yìí náà ló jókòó tì í tí wọ́n jọ tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe. Bí èèyàn bá ti fẹ́ kọ nǹkan sórí mẹ́mọ́rì, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gba kíkọ. Bí kò bá gbà, ẹnu ọ̀nà ló ti máa sọ. Bàbá fúnra rẹ̀ á tún kígbe "Àgò o!" sí i, bí ẹni pé mẹ́mọ́rì létí. Àṣà yìí bá a délé. Kò jẹ́ ṣí fìríìjì láìkágò.

"Àgò o!"

"Ẹran ti tán!" ni ìyàwó rẹ̀ á dáhùn láti yàrá.

Nígbà tó kú, ìyá àtọmọ wá ibi tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sí títí, wọn ò rí. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í kágò. Ìyẹn dun ìyá ju ikú náà lọ.

Lọ́jọ́ kan, aránṣọ rí mẹ́mọ́rì kan nínú àpótí iṣẹ́ bàbá, ó fẹ́ kó àwòrán aṣọ àwọn oníbàárà sí i. Ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà tó jogún. Ẹ̀rọ kọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní wọ́n ti tì í pa.

"Ti bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sókè, kó o pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Rárá o. Bàbá mi ò jẹ́ tìlẹ̀kùn lásán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ẹni tó wà nílé."

Ó ṣí i láti kà. Ohùn kan là á mọ́lẹ̀ pé, "Àgò o!" Ẹ̀rín ìyá tẹ̀ lé e, ẹ̀rín ìgbà èwe.

Ìyá sáré jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Ọmọ tún ohùn náà gbé sí i.

"Àgò o!"

"Àgò yà," ni ìyá dáhùn, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. "Ẹran wà lónìí. Ẹ máa wọlé."